Omi Eérú Tí Kì Í Jóni

Ọmọbìnrin kan ń gbé ní ojúlé kejì sí tèmi ní àdúgbò Adébáyọ̀ nínú Adó. Ó kàwé jáde ní yunifásítì, kò ríṣẹ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọṣẹ dúdú tó ń tà fún àwọn ará Èkó lórí fóònù. Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, ó sẹ́ omi eérú èèpo kòkó, ó gbé e kaná pẹ̀lú àdín lẹ́yìn ilé rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi níbi tí mo ti ń mu tíì. Òórùn tó ń ta imú ni, tó sì ń mú ẹnu gbẹ. Àwọn aládùúgbò yòókù ń ráhùn pé èéfín ba aṣọ tí àwọn sá. Èmi ò ráhùn ní tèmi. Mo gbé ife tíì sílẹ̀, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, ìbínú tó ti lé ní ogójì ọdún tí kò sì hu ewú kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí, mo mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ yín pé kí ẹ máa dárí jini. Pásítọ̀ tiwa náà ti wàásù lórí rẹ̀ títí, mo sì máa ń ṣe àmín pẹ̀lú ìjọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Tíṣà tó kọ́ wa ní kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nínú Adó níbí ni mo ń bá bínú. Orúkọ rẹ̀ kò ní ti ẹnu mi jáde, nítorí orúkọ rere ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, kò sì yẹ ẹ́. Asídì ni àwa ọmọ kíláàsì máa ń pè é lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe máa pè é fún yín.

Ẹsẹ̀ òkè ni ilé ẹ̀kọ́ wa wà. Bí ọyẹ́ bá mú, a kì í rí orí àpáta títí agogo ìsinmi àkọ́kọ́ fi máa lù, ètè wa á bó, àwọn ọmọ tó ń ti ọ̀nà Ìyìn rìn wá á dé pẹ̀lú eruku títí dé orúnkún. Páànù ni wọ́n fi bo kíláàsì, tí òjò bá sì ń rọ̀, tíṣà tó bá fẹ́ kọ́ wa ní nǹkan á kàn kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù ni, nítorí kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohùn rẹ̀. A ní yàrá kan tí wọ́n ń pè ní lábù. Tábìlì mẹ́ta ló wà níbẹ̀ àti kọ́bọ́ọ̀dù kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn Asídì. Ìgò wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà, a máa ń wò wọ́n láti ojú gíláàsì, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rí i kí wọ́n ṣí ọ̀kan nínú wọn.

Nítorí náà, ẹ má dá wa lẹ́bi jù tí mo bá ní òpè ni wá. Ọ̀kan nínú wa gbà pé iyọ̀ tó bá ti yọ́ nínú omi ti lọ nìyẹn, adùn rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù. Òmíràn ní atẹ́gùn tí iná fẹ́ gba ìdí ìkòkò wọlé ló ń hó nínú omi gbígbóná, ó sì fi ìyá rẹ̀ búra. Ọmọkùnrin kan tó jókòó nítòsí ilẹ̀kùn máa ń sọ pé átọ̀mù irin le, átọ̀mù epo pupa sì ń yọ̀, àti pé bí èèyàn bá lè mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú ti wúrà, á rí i pé ó ń dán. Èmi gan-an gbà pé ohun tí iná bá ti jó ti tán láyé, pé eérú kò ju àjẹkù iná lọ. Mo padà fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì, àwọn àṣìṣe wọ̀nyí kan náà ni mo sì ń bá pàdé lọ́dọọdún, bí ẹni ń pàdé mọ̀lẹ́bí lọ́jà.

Ṣùgbọ́n èyí tó rinlẹ̀ jù nínú wọn ni ti asídì àti álíkálì. Gbogbo wa la mọ asídì. Omi bátìrì ni, èyí tí àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì mọ́tò máa ń dà, tó máa ń lu ṣòkòtò wọn ní ihò. Álíkálì ní tirẹ̀ jẹ́ ará ilé. Ìyá wa ń fi kánún se ẹ̀wà, ìyá àgbà ń fi eérú fọ eyín, ọṣẹ dúdú ni wọ́n sì fi wẹ̀ wá lọ́jọ́ tí wọ́n bí wa. Báwo ni ohun tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun ṣe máa jó àgbàlagbà? Bí a ṣe rò ó nìyẹn, Asídì kò sì tún un ṣe fún wa, nítorí bí òun náà ṣe rò ó nìyẹn. Ó kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù pé asídì ń jóni, álíkálì ń pa iná asídì, kì í jóni. A dà á kọ, a sì fi bírò pupa fàlà sí i nídìí.

Bọ́lá nìkan ni kò fàlà sí tirẹ̀. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń jókòó. Ọmọ Igbemo ni, ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí ìyá rẹ̀ ló ń gbé nínú Adó, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló sì máa ń wọ mọ́tò lọ sílé. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí kò yẹ kéèyàn ti rẹ́rìn-ín, ó sì mọ ìṣirò jù mí lọ. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ káàkiri Igbemo pé ọmọ òun máa di nọ́ọ̀sì, débi pé àwọn kan ti ń fi ìbà wọn pamọ́ dè é.

Ọlọ́ṣẹ ni ìyá náà. Mo bá Bọ́lá lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi kan, lásìkò tí wọ́n ń kórè ìrẹsì, mo sì rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á kó eérú èèpo kòkó sínú ìkòkò amọ̀ tí wọ́n dá lu nídìí, wọ́n á bu omi lé e, omi náà á sì máa kán tó-tó-tó sínú ìkòkò mìíràn nísàlẹ̀, ó pọ́n bíi tíì. Kí ìyá tó gbà pé ó ti mú tó, ó máa ń ti ìyẹ́ adìẹ bọ̀ ọ́. Bí omi bá jẹ ìyẹ́ náà títí tó ku igi ìyẹ́ nìkan, ó ti tó nìyẹn. Kò jẹ́ kí ohun èlò aluminíọ̀mù kankan sún mọ́ ibẹ̀, ó ní á jẹ ẹ́ tán. Mo ti ìka bọ̀ ọ́ láti wò ó bóyá òótọ́ ni. Ó kọ́kọ́ yọ̀ lọ́wọ́ mi, kò dùn mí, àfìgbà tó yá tí awọ ìka náà bó. Ìyá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó ní, "Ọma mi, má tọwọ́ bọ̀ ọ́ mọ́ o. Omi yìí mú ju ọ̀bẹ lọ." Ọwọ́ tirẹ̀ ti le gbandi, kò ní ìlà àtẹ́lẹwọ́ mọ́.

Ẹ wá wo ọjọ́ tí Asídì bèèrè lọ́wọ́ kíláàsì pé èwo ló ń jóni nínú méjèèjì. Gbogbo wa jọ pariwo pé asídì ni. Bọ́lá na ọwọ́. Ó ní, "Sà, omi eérú náà ń jóni. Ó ti jẹ awọ ọwọ́ ìyá mi." Asídì wò ó títí, ó sì bi í pé yunifásítì wo ni ìyá rẹ̀ ti kàwé. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí ìyá ọlọ́ṣẹ wá gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ òun kó wá kọ́ wa. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sín ohùn Igbemo rẹ̀ jẹ, ó ń pe ilé ní ulé, ó ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ Èkìtì ni òun náà, ibi tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Bọ́lá yíjú sí mi. Ìka mi kò tíì jinná tán. Mo wo ìwé mi.

Ẹ̀rù ló bà mí, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Lópin sáà yẹn ni Asídì máa kọ orúkọ àwọn tó máa ṣe sáyẹ́ǹsì, òun nìkan ló sì máa kọ ọ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, kó lọ máa ka ìtàn ọba. Bọ́lá mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò wo ìwé rẹ̀ ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó gbé omi eérú wá láti Igbemo nínú ìgò, ó bẹ Asídì pé kó jọ̀ọ́ fi bébà lítímọ́ọ̀sì tó ń fi asídì àti álíkálì hàn wò ó, tàbí kó ti ìyẹ́ adìẹ bọ̀ ọ́. Asídì ní kó gbé omi ìdọ̀tí náà kúrò níwájú òun. Fún àfojúdi rẹ̀, ó ní Bọ́lá ni yóò máa fọ kárià tí ìyàwó òun fi ń gbé oúnjẹ wá títí sáà á fi parí, kó sì máa ronú bóyá òun yẹ ní ọmọ sáyẹ́ǹsì. Kárià náà, abọ́ aluminíọ̀mù onípele mẹ́ta ni, ó ń dán, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju àwa ọmọ kíláàsì lọ. Ìgò omi eérú wá wà lábẹ́ tábìlì èmi àti Bọ́lá.

Mo wò ó fún ọjọ́ mẹ́rin. Lójoojúmọ́ tí Bọ́lá bá gbé kárià ọkùnrin yẹn lọ sídìí ẹ̀rọ omi, tí àwọn kan ń sín ìyá rẹ̀ jẹ lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan kan á gbóná lọ́kàn mi. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo ní kó jẹ́ kí n bá a fọ̀ ọ́, kí mọ́tò Igbemo má baà fi í sílẹ̀. Ó dúpẹ́, ó sáré lọ. Mo gbé kárià náà lọ sẹ́yìn lábù, mo pín omi eérú sínú ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo dé e, mo fi ewé bò ó. Asídì ti tètè lọ sílé lọ́jọ́ náà, kò sì ní bèèrè kárià rẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé. Kí n tó kúrò níbẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ tó ń hó. N kò tíì gbọ́ orin ìyìn kan tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Ajé, kí Bọ́lá tó dé, mo da omi náà nù, mo nu kárià, mo gbé e fún un pé kó mú un lọ fún Asídì. Asídì ṣí i lójú gbogbo wa. Inú rẹ̀ ti dúdú, ihò wẹ́wẹ́ sì ti dá sí i. Kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, ló bá bu omi sí ìpele ìsàlẹ̀ gbé sókè wò, omi sì ń kán sórí ṣòkòtò funfun rẹ̀, níbi tí ènìyàn kò ti fẹ́ kí omi kán sí. Mo bu ètè jẹ kí n má baà rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Fún bí ìṣẹ́jú kan, kò sí ọmọ tó láyọ̀ tó mi ní gbogbo Adó.

Ó bẹ abẹ́ tábìlì wa wò, ó rí ìgò òfìfo. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó na ìka sí Bọ́lá, ó ní, "Omi eérú rẹ lo dà sí i, ó ti jẹ ẹ́ tán."

Bọ́lá dìde. Ó wò mí, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ti yé e. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Asídì, ó ní, "Sà, ẹ̀yin lẹ ní kì í jẹ nǹkan."

Ẹgba mélòó ló nà án, n kò kà á, mo ti di ojú. Ó lé e lọ sílé pé kó lọ mú ìyá rẹ̀ wá. Ìyá wá, ó kúnlẹ̀ sórí yanrìn níwájú ọ́fíìsì, ó ń bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Èmi wà lójú fèrèsé kíláàsì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí n sọ, ọ̀nà tó jìn sí ibẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ ogún lọ. N kò kúrò lójú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n lẹ ìwé sáyẹ́ǹsì mọ́ ara ògiri, orúkọ mi wà níbẹ̀. Wọ́n ti fa ìlà pa orúkọ Bọ́lá, kò sì padà wá mọ́.

Ọkùnrin yẹn ni mo di gbogbo ẹ̀bi náà rù. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ka kẹ́mísírì, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe di tíṣà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìfẹ́ iṣẹ́ ni. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ tó bá ti Adó jáde mọ̀ pé òpè ni. Lọ́dọọdún, mo máa ń ra omi eérú, mo máa ń ju bébà aluminíọ̀mù sínú rẹ̀ lójú kíláàsì, a ó sì jọ máa wò ó bó ṣe ń hó tó sì ń jẹrà. Àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́. Wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan ni mo ń jù síbẹ̀.

Ọdún tó ṣáájú kí n tó fẹ̀yìn tì ni ọwọ́ mi tó bà á. Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi na ọwọ́, ó ní, "Mà, bàbá wa àgbà ní álíkálì kì í jóni. Tíṣà kẹ́mísírì ni wọ́n tẹ́lẹ̀." Mo wo orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà, orúkọ Asídì ló gbẹ̀yìn tirẹ̀. Mo rọra jókòó. Mo ní kí gbogbo kíláàsì kọ gbólóhùn kan sínú bébà pé álíkálì ń jóni gẹ́gẹ́ bí asídì ṣe ń jóni, ẹni tó bá ní kì í jóni ti ṣe àṣìṣe, kí àgbà ilé kálukú sì fọwọ́ sí i. Tọmọ yẹn nìkan ni mo ń dúró dè. Ó mú un wá lọ́jọ́ kejì. Asídì ti fọwọ́ sí i. Ọmọ náà ní bàbá kà á títí, wọ́n wá bèèrè bóyá ọmọ Igbemo ni tíṣà wọn. Òun sì dáhùn pé rárá, ọmọ Adó ni.

Ó rántí, ẹ gbọ́ ná. Ó ti ń rántí láti ọjọ́ yìí. Mo fún ọmọ náà ní máàkì tó pé, mo ra mínírà tútù méjì, mo sì mu méjèèjì.

Lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, mo wọ mọ́tò lọ sí Igbemo, n kò débẹ̀ rí láti ìgbà ìsinmi yẹn. Bọ́lá jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìyá rẹ̀, ó ń gé ọṣẹ sínú ewé. Ọwọ́ rẹ̀ ti rí bí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ṣe rí. Ó ní, "Ṣé ùwọ rè é?" kò sì dìde, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n gbé àga àti omi fún mi. Mo tẹ́ bébà náà sórí itan rẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe dẹ pàkúté, bí Asídì ṣe fọwọ́ sí i, bó ṣe bèèrè nípa Igbemo. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń sọ ọ́. Bọ́lá wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Ó ti fọwọ́ sí tirẹ̀. Tìrẹ ńkọ́?"

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Kò bínú bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó sọ fún mi pé òun kò retí nǹkan kan lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn, àlejò ni lọ́rọ̀ òun. Èmi ni òun retí. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n lé òun wálé, gbogbo mọ́tò tó bá ti Adó wọlé ni òun ń wò. Òun kò dárúkọ mi fún ìyá òun, òun rò pé èmi fúnra mi máa wá sọ ọ́, ìyẹn ni ìyá náà sì fi gbà pé ọmọ òun ló ba kárià tíṣà jẹ́. Títí tó fi kú ló ń sọ ọ́ bí inú bá ti bí i: "Ọma tó fọwọ́ ara rẹ̀ ba uṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́."

Mo yọ bírò nínú báàgì. Lábẹ́ orúkọ Asídì, mo kọ ọ́ pé èmi ni mo da omi eérú sínú kárià, kì í ṣe Bọ́lá, mo sì fọwọ́ sí i. Bọ́lá gbà á, ó wò ó, ó dá a padà fún mi. Ó tọ́ka sí ojú oórì ìyá rẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ó ní kí n kọjú síbẹ̀ kí n kà á sókè.

Mo kà á. Àwọn ọmọ ilé náà dúró, wọ́n ń wò mí. Bébà náà wà lọ́wọ́ Bọ́lá di òní.

Wọ́n ti mọ ògiri yí ilé ẹ̀kọ́ wa ká báyìí, kọ́bọ́ọ̀dù lábù rẹ̀ kò sì ní kọ́kọ́rọ́ mọ́, nítorí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ń wo kẹ́mísírì lórí fóònù, asídì àti álíkálì ń hó lójú wọn ní oríṣiríṣi àwọ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń sọ fún mi pé eérú kì í jóni, torí ìyá àgbà fi ń fọ eyín. Ìbínú tí mo ń bá Asídì bínú kò tíì tán, n kò ní parọ́ fún yín. Ó ti kú báyìí, n kò sì lọ síbi òkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́ Sátidé tí òórùn ọṣẹ wọlé bá mi, mo máa ń kà á dé ojú fèrèsé kíláàsì yẹn, èmi ni mo sì máa ń bá níbẹ̀. Bọ́lá kò tíì sọ pé òun dárí jì mí. N kò sì tíì bèèrè.